Òkè Tí Ojú Kò Tíì Rí

Àwọn kan ń bèèrè pé kí ni ti ọmọ Satellite Town nínú ọ̀rọ̀ òkè ilẹ̀ yìnyín. Ó kàn án gidigidi. Ní ọdún 1958 ni àwọn onímọ̀ Soviet fi ìró wádìí, tí wọ́n sì mọ̀ pé òkè Gamburtsev wà lábẹ́ yìnyín Antarctica. Ojú ẹnikẹ́ni kò tíì rí i. Yìnyín tí ó bò ó nà dé etí òkun, níbi tí yìnyín ilẹ̀ náà ti ń yọ́. Bí òkun bá ga, ọ̀sà ẹ̀bá Satellite Town yóò ga pẹ̀lú, àgbàrá kì yóò sì rí ibi ṣàn sí. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ má ṣe fo ẹ̀kọ́ yìí: ohun tí ó bá ojú ti bá imú pẹ̀lú.