Ohun tó wà nínú ìkòkò ni kí ẹ fi hàn lórí fóònù

Ọ̀rọ̀ mi lónìí kan gbogbo wa tí a máa ń lọ jẹun ní òpópónà Bissonnet lẹ́yìn kíláàsì. Mo rò pé ó dára kí àwọn ilé oúnjẹ wa máa polówó lórí TikTok, Instagram àti Facebook. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà ṣe é ò dára. Mo mọ̀, torí ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí mi.

Àǹtí mi ní búkà kékeré kan níbí ní Alief. Tábìlì mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀. Àmàlà wọn ò lẹ́gbẹ́, kì í ṣe torí pé àǹtí mi ni wọ́n o. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó kọjá, àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé èmi àti àwọn ọmọ wọn nìkan la jókòó síbẹ̀, tí a ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé lórí tábìlì kọ́sítọ́mà. Mo gbọ́ tí àǹtí ń sọ fún Mọ́mì mi nínú kíṣíìnì pé tó bá fi máa di oṣù kẹfà tí nǹkan ò yí padà, àwọn máa kógbá sílé. Wọ́n rò pé Yorùbá yẹn ti jinlẹ̀ jù fún mi. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe sanwó fún ẹnì kan nìyẹn pé kó wá ya fídíò. Ó gbé iná ńlá wá. Ó ní kí wọ́n kó ẹran abọ́ mẹ́rin sínú abọ́ kan ṣoṣo: ògúnfe, ṣàkì, pọ̀nmọ́, tó fi mọ́ ẹja. Ó fi orin sí i. Kí n má purọ́, fídíò náà dùn ún wò. Ní Sátidé yẹn, èèyàn wá! Àwọn kan wa mọ́tò láti Katy. Ṣùgbọ́n kí agogo méjì tó lù, àmàlà ti tán. Abọ́ tí àwọn tó rí rà gbà sì ni abọ́ ojoojúmọ́, ẹran méjì. Bàbá kan na fóònù wọn sí iwájú àǹtí, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èyí tó wà nínú fídíò yìí dà?" Àǹtí ò rí nǹkan kan sọ. Kó tó di alẹ́, ìràwọ̀ ẹyọ kan ẹyọ kan ti ń wọlé lórí Google.

Mọ́mì mi wá kó gbogbo wa jọ sí pálọ̀. Wọ́n ní kí á bá àǹtí kọ ìràwọ̀ márùn-ún márùn-ún, kí á má lo orúkọ wa. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú o, irọ́ nìyẹn." Wọ́n wò mí. Ṣé ẹ mọ irú ìwò yẹn? Wọ́n ní ṣé èmi ni lọ́yà ilé ni. Mi ò fèsì. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a rí i pé ní ọdún 2024, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ṣe òfin tó lòdì sí ìyìn irọ́ báyìí, owó ìtanràn sì wà níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì wọn, mo lọ sùn.

Tíṣà wa kọ́ wa pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ìyá mi àgbà náà sọ fún mi lórí WhatsApp pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn, àwọn tó ń kiri mọ́ínmọ́ín àti àgbàdo máa ń fi ohùn dídùn polówó títí èèyàn á fi jáde nílé. Nítorí náà, TikTok kọ́ ló kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kiri yẹn, igbá ẹ̀ wà lórí ẹ̀. Tó bá ní mọ́ínmọ́ín òun gbóná, wàá ní kó sọ igbá kalẹ̀, wàá fọwọ́ kàn án. Ti fóònù ò rí bẹ́ẹ̀. Igbá wà ní Bissonnet, ẹni tó ń wò ó wà ní Katy. Ó máa ti jó epo kó tó mọ̀ pé irọ́ ni.

Àwọn kan á ní àsọdùn ló ń pe èrò. Ṣé ẹ mọ Keith Lee? Gbogbo ọmọ kíláàsì mi mọ̀ ọ́n. Á ra oúnjẹ, á jẹ ẹ́ sínú mọ́tò, á fún un ní máàkì lórí mẹ́wàá. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ó jẹ oúnjẹ Frankensons, ilé pízà kan ní Las Vegas tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní kọ́sítọ́mà. Lẹ́yìn fídíò yẹn, èrò tò sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbà á gbọ́ torí pé tí oúnjẹ ò bá dùn, á sọ.

Ti fùfú tó gbòde lórí TikTok ní ọdún 2021 tún yàtọ̀. Àwọn tí ò jẹ ẹ́ rí ń rà á wò, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń tu ú dànù, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dùn mí nígbà tí mo wò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí fídíò wa máa ṣàlàyé oúnjẹ, pàápàá ní Alief níbí, tí àwọn ará Vietnam pọ̀ ní Bellaire, tí àwọn tó ń sọ Spanish sì wà níbi gbogbo. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ilé-ìwé bá wa kọ ọ́ ní Spanish, òmíràn kọ ọ́ ní èdè Vietnam, pé èlùbọ́ ló jẹ́ kí àmàlà dúdú, kò jóná. Tíṣà mi ní ilé-ìwé rò pé ó jóná ni.

Ní báyìí, ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, àǹtí máa ń ṣí ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀fọ́ rírò rè é. Gbẹ̀gìrì rè é. Ẹran méjì ni, iye tí à ń tà á rè é." Kì í pé ìṣẹ́jú kan. Èmi ni mo ń di fóònù mú, ṣùgbọ́n àkáǹtì wọn ni, torí TikTok àti Instagram ò gba ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́tàlá. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n yín wọlé, mo mọ̀ yín.) A kì í ya ojú kọ́sítọ́mà tí a ò bá tíì tọrọ àyè. Ẹnì kan lè ti sọ fún ọ̀gá ẹ̀ pé ara òun ò yá.

Mi ò sọ pé búkà ti kún o. Ọjọ́ Túsìdeè ṣì máa ń dá. Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà ti kọjá, ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ̀yin òbí, tí ẹ bá jẹun ní ilé oúnjẹ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ gan-an, kí ẹ fi orúkọ yín sí i. Mọ́mì mi ti kọ tiwọn lórí Facebook. Wọ́n sọ pé àbúrò àwọn ni, wọ́n ní ó dùn, àmọ́ ata ti pọ̀ jù. Àǹtí ṣì ń bá wọn jà.

Ní Sátidé tó kọjá, àmàlà tán ní agogo mẹ́ta. Àǹtí pè mí láti kíṣíìnì pé kí n gbé fóònù wá kíá, kí ẹnikẹ́ni má lọ ti ọ̀nà jíjìn wá lásán. Mo sì ya ìkòkò tó ṣófo.