Ta Ni Yóò Ṣe Agbẹjọ́rò Àgbà?

Ẹ̀yin ará wa l'Ókè Ọya, ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ 43 ni ará ìlú ti ń fi ìbò yan Agbẹjọ́rò Àgbà fúnra wọn. Níhìn-ín kò rí bẹ́ẹ̀. Gómìnà ni ń yàn án, òun náà ni Kọmíṣọ́nnà Ìdájọ́, Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ a sì fọwọ́ sí i. Òfin 1999 ní kí ó ti di lọ́yà fún ọdún 10, ó kéré tán. Ọdún 10 kì í ṣe ìwà.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá púpọ̀. Ìpín 211 òfin náà fún un láṣẹ láti pe ọ̀daràn lẹ́jọ́, àti láti dá ẹjọ́ dúró kí adájọ́ tó dá a. Bí wọ́n bá sun ìsọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa, tí ọlọ́pàá sì mú ẹni tó sun ún, ìwé kan láti ọwọ́ Agbẹjọ́rò Àgbà tó láti tú u sílẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn tí ń du ipò gómìnà bá tún kó ìrẹsì wá sí ìpàdé wa (a mọ̀ pé a ó gbà á), kí àwọn àgbà bi wọ́n léèrè: lọ́yà wo lẹ ó fi síbẹ̀? Ṣé ó ti bá ọmọ ọlọ́lá ṣe ẹjọ́ rí? Kí a bi ẹni tí ń du Ilé Aṣòfin náà, nítorí òun ni yóò fọwọ́ sí i.