Fóònù Kọ́ Ni Ó Pa Àmì Ohùn

Lọ́dọọdún ni Apple àti Google ń gbé àtúnṣe ńlá jáde fún ètò tí ó ń darí fóònù alágbèéká. Kámẹ́rà a dára sí i, àwòrán kéékèèké tí ń fi ẹ̀rín tàbí ẹkún hàn a sì tún pọ̀ sí i. Bí àtúnṣe náà bá ti dé, ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè ní ilẹ̀ Áfíríkà máa ń bèèrè ni bóyá orúkọ èdè wọn wà nínú rẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, inú wọn a dùn, ọ̀rọ̀ a sì tán síbẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí wọ́n bèèrè kọ́ nìyẹn. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n wádìí ni bóyá ènìyàn lè fi fóònù náà kọ èdè ọ̀hún bí àkọtọ́ rẹ̀ ṣe là á sílẹ̀, láìsí wàhálà.

Èrò kan ti gbilẹ̀ láàrin àwọn tí ń kọ Yorùbá, ó sì ti ń wọ kíláàsì: pé ayé fóònù kò gba àmì ohùn, pé ẹni tí ó gbọ́ èdè yóò mọ ìtumọ̀ láti inú gbólóhùn, àti pé kí àkọtọ́ tẹrí ba fún ẹ̀rọ. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì léwu.

Ẹ wo gbólóhùn kúkúrú kan tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ránṣẹ́ láìsí àmì kankan: ‘O ra oko.’ Ẹni tí ó ra nǹkan lè jẹ́ ìwọ, ó sì lè jẹ́ ẹlòmíràn. Ohun tí wọ́n rà lè jẹ́ oko tí wọ́n ń dá, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ó, ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun. Ìtumọ̀ mẹ́jọ ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ẹni tí ó ní gbólóhùn yóò tú u, kí ni ó fẹ́ kí gbólóhùn yìí tú?

Àwọn tí ń sọ pé ẹ̀rọ ni kò gbà, kí wọ́n wo ilẹ̀ Vietnam. Èdè olóhùn ni èdè wọn, lẹ́tà Látíìnì ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú àmì lórí rẹpẹtẹ ọ̀rọ̀. Wọn kò torí fóònù ju àmì wọn nù. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Telex, tí ó jẹ́ pé lẹ́tà lásán ni ó ń gbé àmì wá. Bí ènìyàn bá tẹ s tẹ̀lé fáwẹ̀lì, àmì tí ó dà bí ti ohùn òkè Yorùbá ni yóò hù lórí rẹ̀. Bí ó bá tẹ f, èyí tí ó dà bí ti ohùn ìsàlẹ̀ ni yóò hù. Ẹ̀rọ ni wọ́n mú kí ó sin èdè. Wọn kò mú kí èdè sin ẹ̀rọ.

Kì í ṣe pé àwọn aṣẹ̀rọ kò jẹ̀bi rárá. Nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ệ ti Vietnam ní. Ẹ́ ti Yorùbá kò ní irú rẹ̀. Ẹ àti àmì òkè ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ so pọ̀. Ìlànà tí Unicode sì fi múlẹ̀ ní 2001 kò jẹ́ kí lẹ́tà alápapọ̀ tuntun ní àǹfààní kan náà mọ́. Ìdí nìyẹn tí àmì fi ń yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà nínú àwọn fóònù kan, tí ẹ̀rọ mìíràn kì í sì í rí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń wá. Àtúnṣe irú ìwọ̀nyí ni ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè máa béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ní gbogbo ọdún.

Ẹni tí ó béèrè, tí ó tẹra mọ́ ọn, a máa rí i gbà. Ní 1989, ní ilẹ̀ Guinea, Ibrahima Barry àti Abdoulaye Barry, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí wọn kò tí ì dàgbà nígbà náà, ṣẹ̀dá Adlam láti fi kọ èdè Fúlàní. Ní 2016 ni Unicode gbà á wọlé. Bí àwọn méjì tí kò sí yunifásítì kankan lẹ́yìn wọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bá lè dé ibẹ̀, àwáwí wo ni ó kù fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè tí ó kún fún ọ̀mọ̀wé?

Ewu tí ó tóbi jù lọ ṣì wà níwájú. Ní 2013 ni Google fi Yorùbá, Háúsá àti Ígbò kún iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Láti inú ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ sílẹ̀ ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń kọ́ èdè. Bí àwọn tí ó ni èdè bá ń kọ ọ́ láìsí àmì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò ṣe kọ́ ọ, yóò sì fi kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ilé ni wọ́n ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nítorí náà, kí olùkọ́ Yorùbá fi kíkọ èdè lórí fóònù kún ohun tí ó ń kọ́ni, bí ó ti ń kọ́ni ní ìwé kíkọ. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Gboard, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí olùkọ́ má gba iṣẹ́ tí kò lámì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, kí òun náà sì máa fi àmì sí iṣẹ́ tí ó bá fi ránṣẹ́ sí wọn. Ní 1875, ìpàdé wáyé ní Èkó lórí àkọtọ́ Yorùbá. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù ń fẹ́ báyìí, kí àwọn ará Benin tí ń fi ɛ àti ɔ kọ Yorùbá jókòó pẹ̀lú àwọn ará Nàìjíríà, kí wọ́n sì fi ohùn kan bá àwọn aṣẹ̀rọ sọ̀rọ̀ kí àtúnṣe ọdún tí ń bọ̀ tó jáde.