Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Yé Ṣí Ìdérí!

Ẹ̀yin òbí wa! Tí ẹ bá ń fi èédú yan ẹran nínú àgbá onídèérí lẹ́yìn ilé, tí iná bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ ó ní èédú ni kò dáa, ẹ ó wá da púpọ̀ sí i. Èmi ò gbà. Afẹ́fẹ́ ló ń darí iná.

Ihò afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa lò. Tí ẹ bá ṣí i, iná á gbóná. Tí ẹ bá pa á dé díẹ̀, á rọlẹ̀. Ẹ fi tòkè sílẹ̀ ní ṣíṣí kí èéfín lè jáde. Kí ó tó dé 110°C ni kí ẹ ti dín in kù, torí iná tó ti le jù kì í tètè rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án.

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ìdérí, ooru á sá jáde, oúnjẹ á pẹ́, ebi á máa pa wá. Bẹ́ẹ̀, adìyẹ tí inú rẹ̀ kò tíì gbóná tó 74°C kò yẹ ní jíjẹ.

Ẹ jẹ́ kí àwa ọmọ jókòó sọ́ọ̀ọ́kán, ká máa ka ìwọ̀n ooru, ká sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Sùúrù ló ń yan ẹran, kì í ṣe ariwo.