Owó Wàrà, Owó Iná

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹnu tí a fi ń jẹun ni mo sì ń wí. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni.

Bí ẹ bá ti Ìlọrin lọ sí Malété, ní ìjọba ìbílẹ̀ Moro, ẹ ó rí i pé àárín oko àti gáà Fúlàní ni ìlú náà wà. Láti ọdún 2009 tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ẹnu tó ń jẹun ti pọ̀ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré lọ sí kíláàsì, olùkọ́ ń sáré lọ kọ́ni, ta ni yóò dúró dáná? Oúnjẹ tí a ń rà gbé lọ ló kù. Ẹ ó rí ìrẹsì àti ẹ̀wà, ẹ ó rí àmàlà àti gbẹ̀gìrì nínú ọ̀rá, ẹ ó rí àkàrà gbígbóná. Gbogbo wọn ló dára lójú ẹni tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n wàrà ni mo fẹ́ bá yín yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń jẹ ẹ́ láìmọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, a sì ń ná an bí ẹni pé kò ná ẹni tó ṣe é ní nǹkan kan.

Kí ló wà nínú wàrà? Ohun mẹ́ta ni: mílíìkì, ewé, àti iná.

Ẹ jẹ́ kí a mú mílíìkì ṣáájú. Màlúù funfun tí àwọn Fúlàní ilẹ̀ wa ń dà kì í ṣe irú ti àwọn ará Hòláńdì. Ti Hòláńdì lè fúnni ní ju lítà 20 lọ lójúmọ́. Tiwa, lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀, ohun tí ẹni tó ń fún un máa ń rí kì í sábà ju lítà kan tàbí méjì lọ. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, tí koríko gbẹ, ìyẹn náà á tún dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì gba nǹkan bíi lítà márùn-ún kí wàrà tó wọn kílò kan. Ẹ wá rò ó wò, màlúù mélòó ni wọ́n fún ní òwúrọ̀ kí igbá kan tó kún?

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ewé. Igi kékeré kan wà tí a ń pè ní bọmubọmu, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí oje funfun sì ń jáde lára rẹ̀ bí a bá ṣẹ́ ẹ. Obìnrin Fúlàní á gún ewé náà, á pò ó mọ́ mílíìkì díẹ̀, á sẹ́ ẹ, á sì dà á sínú ìkòkò mílíìkì tó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí iná. Oje náà ni yóò mú kí mílíìkì dì. Àwọn Òyìnbó tí ń ṣe chíìsì a máa lo ohun tí wọ́n yọ láti inú ikùn ọmọ màlúù fún iṣẹ́ yìí kan náà. Tiwa kò pa ọmọ màlúù kankan, ewé inú igbó ló ń ṣe é. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn ọmọ o: oje bọmubọmu ní oró nínú, kò sì gbọdọ̀ kan ojú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò nìkan ni kó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni iná, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Wàrà kì í ṣe iṣẹ́ wàràwàrà. Bí oje ewé bá ti wọ inú mílíìkì, iná ni yóò máa gbóná díẹ̀díẹ̀ títí ìkòkò yóò fi hó. Ohun tó dì á léfòó, omi á yà sí ọ̀tọ̀. Wọn á jẹ́ kó tún jinná sí i, lẹ́yìn náà ni wọn á bù ú sínú àwọn apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi lè ro jáde. Apẹ̀rẹ̀ yìí ló ń fún un ní ìrísí tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Bí ó bá ṣe pẹ́ tó lórí iná tí ó sì ro dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni omi inú rẹ̀ ń dín kù, tí ara rẹ̀ sì ń le.

Mo gbọ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe ń ná wàrà lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní, "Ìyá oníwàrà, èyí kéré. Ẹ fún mi ní ńlá yẹn ní iye tí ẹ pè é." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, omi ló pọ̀ nínú ńlá yẹn. Kékeré yìí ló jinná." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò gbà, ńlá ló mú lọ. Ó rò pé òun jèrè, kò mọ̀ pé omi ni òun fi owó rà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹni tó bá bu omi sí mílíìkì kò lè fi wàrà jèrè rẹ̀, nítorí omi náà ni yóò tún ro jáde nínú apẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ná an títí tí èrè rẹ̀ tán, ibi kan ṣoṣo ló kù fún un láti dín ìnáwó kù, ìyẹn ni igi ìdáná. Yóò yọ ìkòkò kí ó tó jinná. Wàrà rẹ̀ á tóbi, á rọ̀, á sì wọ̀n lọ́wọ́, inú oníbàárà á sì dùn. Àmọ́ iná tí kò jó tó yẹn ni ó yẹ kó pa àrùn. Mílíìkì tútù lè gbé ikọ́ ẹ̀gbẹ wá láti ara màlúù. Ó sì lè gbé ibà kan wá tí àwọn dókítà ń pè ní brucellosis, ibà tí ń lọ tí ń bọ̀, tí ń mú oríkèé ara roni. Láti àwọn ọdún 1860 ni Louis Pasteur, ará Faransé, ti fi hàn pé ooru ń pa kòkòrò àìfojúrí inú ohun mímu. Lónìí, ilé iṣẹ́ mílíìkì a máa gbé e dé ìwọ̀n ooru 72 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Wàrà tí ó hó dáadáa ti kọjá ibẹ̀. Èyí tí kò hó ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n gbà yín nímọ̀ràn díẹ̀. Ẹ ra wàrà ní òwúrọ̀, kí ẹ mú èyí tó le díẹ̀ lọ́wọ́, tí kò rùn, tí omi tó wà nínú rẹ̀ kò kan. Bí ẹ bá délé, ẹ tún un sè tàbí kí ẹ dín in pẹ̀lú iyọ̀ kí ẹnu tó kàn án. Ẹ má bẹ̀rù, kì í yọ́ lórí iná bí chíìsì Òyìnbó. Ẹ sè é sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ẹ ó rí i pé ó ń ṣe iṣẹ́ ẹran. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ nínú ooru ilẹ̀ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó o lọ tà ní Ìlọrin, ẹ fi ìdérí bo garawa yín, kí ẹ má sì da ti àná pọ̀ mọ́ ti òní.

Wàrà sóyà ńkọ́? Oúnjẹ rere ni òun náà. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n sè, tí wọ́n fi omi ògì kíkan tàbí álọ́ọ̀mù mú dì, tí wọ́n fún nínú aṣọ, tí wọ́n gé, tí wọ́n sì dín. Ó ń ṣara lóore, owó rẹ̀ kò sì ga. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí a tà á fún ẹni tó béèrè ti màlúù. Kí olúkúlùkù jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Benin, wàgásì ni wọ́n ń pe wàrà yìí. Wọ́n a máa fi pòpórò ọkà bàbà pa á láró pupa, a sì ń kó o láti àríwá wá sí Kútọ̀nù. Wọn kò fojú kéré rẹ̀ níbẹ̀. Kí ló dé tí a fi ń fojú kéré tiwa?

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹni tó ń ná wàrà ná, kò burú, ọjà ni. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé igi ìdáná wà nínú owó tí obìnrin náà pè. Bí a bá yọ owó igi kúrò, ikùn ara wa àti ti àwọn ọmọ wa ni yóò san án.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.