Oòrùn àti Omi Aró

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà Ọba, bí a bá da omi aró òyìnbó sínú odò Kúdẹtì, àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ odò yóò fi bomi rin ẹ̀fọ́, àwa ni a ó sì jẹ ẹ́. Ní ọdún 1972 ni Fujishima àti Honda, ará Japan, fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ a máa ta titanium dioxide jí nínú omi. Ìyẹ̀fun funfun inú ọ̀dà ni. Nínú oòrùn, ó lè tú aró ká, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kì í wọ inú omi dúdú. Nítorí náà, ó yẹ kí aláró kọ́kọ́ gba omi náà sínú àgbá, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀. Bí ó bá ti dàpọ̀ mọ́ ẹrọ̀fọ̀ odò, oòrùn kò rí i mọ́. Ọwọ́ wa ni kí ó ṣáájú oòrùn.