Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà jó lower arm ọkọ̀ tó ń kó iṣu yín

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin oníṣòwò Òkè-Ògùn!

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Ẹ ó rí Hilux àtijọ́ tó kó iṣu kún, èèyàn mẹ́ta jókòó sórí ẹrù, taya iwájú sì ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ bi dírẹ́bà, á ní, "A ti jó o, kò sí wàhálà." Wàhálà wà o!

Lower arm ni irin tó so taya iwájú mọ́ férémù. Rọ́bà bush wà níbi tó ti so mọ́ férémù, ball joint sì wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́dọ̀ taya. Gbogbo kòtò láti oko dé Ṣakí, títí dé Ìsẹ́yìn, òun ló ń gbà á. Tó bá là tí wọ́n jó o, iná wẹ́dà lè sọ ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó náà di ahẹrẹpẹ, ibẹ̀ lá tún là. Tó bá já lórí eré, taya á ṣẹ́, ọkọ̀ ò ní gbọ́ ti dírẹ́bà mọ́.

Mo mọ̀, owó ló le. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà lẹ nílò odindi áàmù. Tí irin ò bá là, tí kò tẹ̀, ẹ pààrọ̀ bush àti ball joint nìkan. Lára ọ̀pọ̀ Hilux àtijọ́, nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi de ball joint, ó ń tú. Tí irin bá ti là, ẹ ra òmíì. Tòkunbọ̀ tó dúró ṣinṣin sàn ju èyí tí wọ́n jó lọ, ẹ sáà fi bush àti ball joint tuntun sí i.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín: ẹ ki jáàkì sábẹ́ lower arm, ẹ di taya mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Tó bá ń ṣe jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ball joint tàbí bíárìn ti ń lọ nìyẹn. Kí mẹkáníìkì má sì fún nọ́ọ̀tì bush pa nígbà tí taya ṣì wà lófuurufú. Kí ọkọ̀ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ rọ́bà tuntun á lọ́, á tètè ya. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe alignment.

Áàmù olówó ńlá tí àwọn kan ń fi sí Hilux tí wọ́n ti gbé sókè ńkọ́? Kì í ṣe tiwa. Ọkọ̀ tí wọ́n ti gbé sókè ló wà fún, kò fi kún ẹrù tó lè rù.

Ẹ ṣe é kí iṣu tuntun tó jáde. Iṣu tó dànù, a lè tún un gbìn. Èèyàn tó jókòó sórí ẹrù ńkọ́?